Ẹyẹ Erékùṣù Mẹ́rin àti Ẹ̀wù Òtútù Porthenna

                                        Ilé Ọ̀gbẹ́ni Thackwray,
                                        Òpópónà Cutler,
                                        London.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Karùn-ún, 1838.

Denzil, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Morwenna ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún bàbá rẹ ti gbọ́ oògùn, àbí ó ṣì ń kéde òjò kí ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ tó mọ̀? Ẹja ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń wọlé sí etíkun lọ́dún yìí? Ìyá mi ńkọ́? Má tíì dáhùn ti ìyá mi, jọ̀ọ́. Torí tirẹ̀ gan-an ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, wàá rí i níwájú. Tó bá jẹ́ etí èbúté lo wà báyìí tí àwọn èèyàn sì ti pé lé ọ lórí, ká ìwé náà, fi sápò, kí o lọ kà á lẹ́yìn ilé iyọ̀.

Mo mọ̀ pé o ti ń yí i síwá sẹ́yìn, ò ń wá orúkọ ẹni tó bá mi kọ ọ́. Kò sẹ́nì kankan. Èmi Jory, tí mo máa ń sá kúrò nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi lọ ṣa akàn, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Mísì Araminta, àbúrò Ọ̀gbẹ́ni Thackwray ọ̀gá mi lóbìnrin, ló ti ń kọ́ mi láti ìgbà Kérésìmesì. Ó ní ojú ń ti òun pé atukọ̀ tó ti yí ayé po kò lè ka orúkọ ara rẹ̀ lára àpótí. Má rẹ́rìn-ín. Ìwé kíkà yìí ló tú àṣírí tí mo fẹ́ rò fún ọ.

O rántí pé ọdún mẹ́rin àtààbọ̀ ni mo lò nínú ọkọ̀ Kittiwake, tí mo ń rán ìgbòkun. Ọ̀gbẹ́ni Thackwray ni àlejò tí ọ̀gá ọkọ̀ gbà mọ́ wa, ọkùnrin gíga kan báyìí, tó ń ṣa gbogbo ohun tó bá ń mí jọ: ẹyẹ, alángbá, kòkòrò, ìgbín òkun. Òkun ò gba tirẹ̀ rárá. Kó tó parí gbólóhùn kan, yóò ti bì lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n tó bá ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ó di ewúrẹ́ tó já okùn. Èmi ni wọ́n yàn tì í, torí pé mo mọ abẹ́rẹ́ í lò. Òun á yìnbọn, èmi á bó awọ ẹyẹ, màá ki òwú sí i nínú, màá rán an padà, òun á wá so ìwé pélébé kan mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ìwé tí ó ti kọ nǹkan sí. Kí ló kọ síbẹ̀? N kò lè mọ̀ nígbà náà. Lójú mi, ìwé kíkọ àti ipa ẹsẹ̀ adìyẹ, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Aáyán inú ọkọ̀ yẹn kò bẹ̀rù Ọlọ́run, Denzil. Ìyẹ́ ẹyẹ ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ àárọ̀. Mo bá tú ẹ̀wù òtútù mi kan tó ti gbó, mo rẹ òwú rẹ̀ sínú omi tábà, mo fi hun àpò tóóró fún ẹyẹ kọ̀ọ̀kan bí ìbọ̀sẹ̀ ọmọ jòjòló, orí wọn àti ìwé ẹsẹ̀ wọn nìkan ló ń yọ síta. Aáyán gbóòórùn rẹ̀, wọ́n yà lọ. Ọkàn mi sì ń fà sílé lásìkò yẹn, n kò ní purọ́ fún ọ. Nítorí náà n kò hun wọ́n lásán. Bátànì ilé ni mo ń hun sí wọn lára, èyí tí àwọn ìyá wa ń hun sára ẹ̀wù apẹja kí wọ́n lè mọ abúlé tí wọ́n máa gbé òkú wa lọ bí òkun bá tú wa sí etíkun ẹlòmíràn.

Erékùṣù mẹ́rin ló wà níbi tí mò ń wí yìí. O lè dúró sórí ọ̀kan kí o máa wo èkejì. Àwa atukọ̀ ló sọ wọ́n lórúkọ: Oníyọ̀, Eléérú, Ẹlẹ́gùn-ún, Olómi. Àwọn ẹyẹ tí a mú ní Oníyọ̀, bátànì Porthenna tiwa ni mo wọ̀ fún wọn. Ti Eléérú, bátànì Trevole. Ti Olómi, bátànì Polgarrow, nítorí ọmọbìnrin kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹlẹ́gùn-ún ni mo fún ní bátànì Lanwidden, torí pé ibẹ̀ ni ẹ̀gún ti fa ṣòkòtò mi ya, tí mo sì rántí ẹnu àwọn obìnrin Lanwidden. Má kà á sétí Morwenna o. Èèyàn wọn ni.

Wàyí o, ẹ̀ṣẹ̀ mi. Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, omi ti wọ gbogbo nǹkan tí èèyàn fi lè tan ìkòkò tábà. Ìwé gbígbẹ wọ́n nínú ọkọ̀ ju ẹran tútù lọ. Mo bá wo àwọn ìwé ẹsẹ̀ ẹyẹ wọ̀nyẹn: wọ́n gbẹ, wọ́n nípọn, wọ́n gùn tó ìka méjì. Mo yọ ọ̀kan. Ó jó dáadáa. Mo yọ èkejì. Mo ń sọ fún ara mi pé ẹyẹ dúdú kéékèèké ni gbogbo wọn, ta ni yóò béèrè ọ̀nà ilé wọn? Kí a tó rí òkè Plymouth, kò ku ẹyẹ kan tí ìwé wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo kan àpótí wọn padà ní ìṣó, mo súfèé.

Nígbà tí a dé London, Ọ̀gbẹ́ni Thackwray ní kí n máa bá òun gbé, kí n máa tọ́jú àwọn ohun tó kó dé. Ó ké sí bàbá arúgbó kan tó jẹ́ pé kò mọ nǹkan mìíràn láyé ju ẹyẹ lọ. Bàbá náà fi ọjọ́ mẹ́ta wò wọ́n, kò bọ́ ọ̀kankan kúrò nínú àpò rẹ̀, ó kàn ń wo orí àti àgógó ni. Lọ́jọ́ kẹta ó ní àwọn tí ọ̀gá mi rò pé oríṣi kan ni wọ́n, oríṣi mẹ́rin ni wọ́n. Ọ̀kan ní àgógó tó le bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, ọ̀kan ní èyí tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, àwọn méjì yòókù wà láàárín. Síbẹ̀ ó ní ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Ó wá béèrè èyí tó ń gbé erékùṣù wo. Ọ̀gá mi yẹ ẹsẹ̀ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò rí ìwé kankan.

Jẹ́ kí n là á yé ọ bí ọ̀gá mi ṣe là á yé mi. Tí ó bá jẹ́ pé àgógó kan ló wà ní erékùṣù kan, á jẹ́ pé oríṣi ẹyẹ kan ṣoṣo ni ìjì gbé dé ibẹ̀ láyé àtijọ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ fọ́nká, tí wọ́n sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀ níbi tí kálukú bá ara rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ pé gbogbo àgógó ló dàrú pọ̀ níbi gbogbo, kò sí ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Ọ̀gá mi sì ti ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé pé òun máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Karùn-ún. Àwọn tó gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ kìíní ló ṣe rí títí dòní ti ń pọ́n eyín dè é. Ọdún mẹ́rin àtààbọ̀ tí ọkùnrin yìí fi bì sínú òkun, tó fi jẹ bísíkíìtì tó ní ìdin nínú, ó fẹ́ lọ lásán. Kò jẹun mọ́. Ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé aáyán ló jẹ ìwé òun. Mísì Araminta sunkún mọ́ àwo ọbẹ̀.

Ojú mi kò gbà á mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì mo wọlé lọ bá a. Ó jókòó sáàárín àwọn ẹyẹ, búrẹ́dì rẹ̀ wà níwájú rẹ̀ láìfọwọ́kàn.

Mo ní, “Sà, kì í ṣe aáyán. Èmi ni. Mo fi wọ́n tan tábà.”

Ó ní, “Gbogbo ẹ̀?”

Mo ní, “Gbogbo ẹ̀, sà. Wọ́n jó dáadáa.”

Denzil, n kò mọ ohun tó mú mi fi ti ìkẹyìn yẹn kún un. Ọkùnrin náà pariwo débi pé ológbò ilé kejì sá gun igi. Ó pè mí ní apanirun, ó pè mí ní ọ̀tá ọmọ aráyé, ó ní n kò gbọ́dọ̀ fi iná kan tábà mọ́ níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń jẹ oúnjẹ òun. Mo dorí kodò. Nígbà tí ó sinmi láti mí, mo nawọ́ sí ẹyẹ kan, mo fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé Oníyọ̀ lèyí ti wá ṣá o. Ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo ní ẹ̀wù abúlé wa ló wọ̀.

Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, a ti wà lórí eékún wa. Porthenna sí ẹ̀bá ìdáná, Trevole sábẹ́ fèrèsé, Polgarrow sórí àga, Lanwidden sẹ́nu ọ̀nà níbi tó yẹ wọ́n. Nígbà tí a tò wọ́n tán, gbogbo ará Porthenna ní àgógó ẹ̀mú. Gbogbo ará Lanwidden ní àgógó abẹ́rẹ́, mo sì fi Bíbélì búra pé èmi kọ́ ni mo ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó ṣìnà. Ọ̀gá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé èmi ni mo dá ọ̀ràn náà.

Ó wá mú àpò Porthenna àti ti Lanwidden dání, ó wò wọ́n títí. Ó ní wọ́n jọra. Ó béèrè ẹni tó jókòó tó pinnu pé kí ti Porthenna yàtọ̀. Mo ní kò sẹ́ni tó pinnu nǹkan kan, ìyá ńlá wa Jenna ló fo ojú ìhun méjì nígbà tó ń hun ẹ̀wù ọkọ rẹ̀, kò sì tún un ṣe torí pé ọkọ̀ ti fẹ́ ṣí. Lọ́dún yẹn gan-an ni ìjì ńlá jà. Ọkọ̀ mẹ́jọ lọ sókun, ọ̀kan ló bọ̀, ọkọ Jenna ló wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni gbogbo obìnrin Porthenna ti ń fo ojú méjì.

Mo ní, “Ẹ̀wù tó bá ẹni bá omi lọ, sà, obìnrin wo ló tún máa hun irú ẹ̀? Èyí tó bá gbé ọkọ wọn dé ilé ni wọ́n ń hun.”

Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri, ó ń tẹ eteetí Trevole mọ́lẹ̀, ó ní ní Oníyọ̀ èso tó le ló pọ̀ jù. Ọdún tí ọ̀dá bá dá, ẹyẹ tí àgógó rẹ̀ ṣèèṣì nípọn ló máa yè, òun náà ló máa bímọ, ọmọ á jọ bàbá. Kò sẹ́ni tó pinnu. Mo ní bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Kí ló wá jẹ́ tuntun níbẹ̀? Gbogbo obìnrin etíkun wa ló mọ̀ ọ́n. Ó béèrè ibi tí Jenna ti wá kó tó fẹ́ ará Porthenna. Mo wo àjà, mo ní láti òkè odò níbì kan báyìí.

Ìwọ mọ ibi tó ti wá. Ọmọ Lanwidden ni. Ó dáa fún ìyá mi kí wọ́n sọ pé olè ojú omi ni bàbá rẹ̀ ju kí ẹnikẹ́ni sọ pé Lanwidden ni wọ́n ti bí bátànì wa.

O máa rò pé ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀. Ọ̀gá mi kò jẹ́ kó tán. Àlejò kì í wọlé kí ọ̀gá mi má nàka sí mi, kó ní, ẹ wo Jory, ẹni tó fi ìmọ̀ aráyé tan tábà. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi jẹ ìwọ̀sí yẹn láàárọ̀ àti lálẹ́, láìsí tábà tí mo lè fi tì í. Mo jẹ̀bi, mo gbà, mo fara dà á.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí ni ọjọ́ kẹtàdínlógún. Lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀, mo ń wá abẹ́rẹ́ nínú àpótí mi, mo rí agolo tábà mi àtijọ́. Mo ṣí i, kí n kàn gbóòórùn ni. Ìwé pélébé kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ iná. Mo ní ó tó, jẹ́ kí n wo ohun iyebíye tí mo bà jẹ́. Mo kà á lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí Mísì Araminta ṣe kọ́ mi. Ó ní: Ẹyẹ dúdú kékeré. Akọ.

Mo yí i padà. Òfìfo. Kò sí Oníyọ̀, kò sí Eléérú, kò sí orúkọ erékùṣù kankan níbẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí ọ̀gá mi lórí Eléérú, tó na ìka sí Oníyọ̀ lókèèrè, tó ní kí ni Ọlọ́run máa fẹ́ fi ẹyẹ tuntun ṣe níbi tí èèyàn lè máa wò láti ibi tó jókòó sí. Kò kọ ọ́ rárá! Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń ru ẹrù ẹlẹ́rù. Inú bí mi, lẹ́yìn náà ẹ̀rín pa mí, lẹ́yìn náà inú tún bí mi.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ mo gbé ìwé náà sórí àwo rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin. Ó wò ó. Ó gbé e sókè, ó gbé e sílẹ̀.

Ó ní, “Jory, ta ló kọ́ ẹ ní ìwé kíkà?”

Mo ní, “Mísì Araminta ni, sà.”

Ó wo àbúrò rẹ̀. Mísì Araminta ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan. Ọ̀gá mi fi ìwé náà sápò, ó jẹ ẹyin rẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i.

Ìpàdé náà kún bámúbámú. Mo dúró sẹ́yìn pẹ̀lú àpótí ẹyẹ, mo wọ ẹ̀wù tí ìyá mi hun, torí òun nìkan ni mo ní tó mọ́. Ọ̀gá mi sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ dáadáa. Ọkùnrin ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ńlá kan wá dìde, ó ní òun ti gbọ́ pé ìwé ẹyẹ wọ̀nyí ti sọnù, báwo ni Ọ̀gbẹ́ni Thackwray ṣe wá mọ erékùṣù tí wọ́n ti wá, àbí ó lá àlá rẹ̀ ni? Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tí ọ̀gá mi ti kọ sílẹ̀ láti fi fèsì. Mo ti kà á. Gbólóhùn kan ni nípa atukọ̀ òpè kan àti iná. Mo ń dúró dè é.

Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú ìwé pélébé yẹn jáde, ó kà á sókè: Ẹyẹ dúdú kékeré. Akọ. Ó ní, “Ohun tí mo kọ nìyí. Atukọ̀ mi jó ìwé lóòótọ́, àmọ́ ìwé tí kò sọ nǹkan kan ló jó. Èmi ni mi ò kọ orúkọ erékùṣù. Òun ló kọ ọ́, òwú ló fi kọ ọ́.”

Bó ṣe wí nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi. Ó pè mí síwájú. Mo to àwọn ẹyẹ náà lójú gbogbo wọn, abúlé tẹ̀ lé abúlé, wọ́n sì ń dìde wá wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ńlá náà kò tíì tẹ́ lọ́rùn. Ó kọjú sí mi, ó ní nínú bátànì mẹ́rin yìí, èwo ló ṣáájú? Mo rò ó láti dákẹ́. Mo rò ó láti wo àjà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ra sí ìhòòhò lójú gbogbo London nítorí òtítọ́, ó sì ń wò mí.

Mo ní, “Lanwidden ni, sà.”

Ó ní, “Ti Porthenna ńkọ́?”

Mo ní, “Àṣìṣe ni. Àṣìṣe tó gbé ọkọ dé ilé.”

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, Denzil. Wọ́n ní àwọn máa tẹ̀ ẹ́ jáde.

Nígbà tí a jáde sórí àtẹ̀gùn, ọ̀gá mi mú tábà tuntun jáde lápò, ó gba ìkòkò mi, ó rọ ọ́ kún. Ó fi ìwé pélébé yẹn mú iná lára àtùpà ẹnu ọ̀nà, ó tàn án fún mi. Àwa méjèèjì ń wò ó títí iná fi kan ọwọ́ rẹ̀.

Ó ní, “O ò purọ́. Ó jó dáadáa.”

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí o. Ìwé náà á jáde kó tó di oṣù Kẹsàn-án, àlùfáà yín kì í sì í rí ohun tó ní lẹ́tà lára kó má kà á. Lọ sọ fún ìyá mi pé mo ti jẹ́wọ́ Lanwidden, kí àlùfáà tó sọ fún un. Mú ọjọ́ tó bá jẹun yó, kí o sì rọra gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó la ẹnu. Má mú Morwenna lọ. Mo mọ̀ pé ó ti ń jó báyìí, torí mo mọ̀ pé o ti kà á sí i létí.

Bá mi kí bàbá rẹ àti orúnkún rẹ̀. Bá mi kí àwọn ará èbúté. Bá mi kí ọmọbìnrin Polgarrow tí n kò dárúkọ, tí kò bá tíì lọ́kọ. Tí ìyá mi bá bínú, jẹ́ kó bínú tán. Lẹ́yìn náà kí o sọ fún un pé atukọ̀ mọ́kànlá ni kò bá Kittiwake dé, èmi dé, ẹ̀wù rẹ̀ ni mo sì wọ̀ dé. Ó ti ń já lápá. Kó bá mi hun òmíràn. Kó má ṣe tún ojú méjì yẹn ṣe o.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó di akọ̀wé lójijì,

Jory Tregenza.